Ẹ̀rí tí mo gbọ́dọ̀ tún jẹ́: èémí, iná inú ara, àti jẹnẹrétọ̀

Ọ̀rọ̀ òní gùn o. Ẹni tó bá wà nínú mọ́tò, kó fi pamọ́ di alẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé ìparí. Mo ní nǹkan láti jẹ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nínú ìjọ wa á rántí ìṣọ́ òru ọjọ́ Jímọ̀ kan báyìí, lásìkò òjò. NEPA ti mú iná lọ. Òjò ń rọ̀ kíkankíkan. Nítorí pé olè ti gbé jẹnẹrétọ̀ wa lọ lẹ́ẹ̀kan rí, èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n wọ́ èyí tí a rà tẹ̀lé e wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìjọsìn. A ti gbogbo fèrèsé pa kí omi má bàa wọlé. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sùn sórí ẹní nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà.

Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì òru, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn akọrin. Ọ̀kan nínú wọn bì. Ìyá kan lọ wo ọmọ rẹ̀, ó jí i, ọmọ ò jí. Ó jí èkejì, kò jí. Ló bá figbe ta. Kí ni èmi pásítọ̀ ṣe? Mo gba máìkì. Mo ní kí gbogbo ìjọ dìde dúró, ká dojú ìjà kọ ẹ̀mí ikú. A ń pariwo, a ń janlẹ̀, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ilẹ̀kùn wà ní títì, jẹnẹrétọ̀ sì ń ké lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọmọbìnrin kan nínú ìjọ, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́, wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Jẹnẹrétọ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká pa á, ká gbé àwọn ọmọ síta.” Mo ní, “Nínú òjò yìí?” Ó ní, “Nínú òjò yìí náà ni, Dádì.” Kò dúró gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó ti ṣílẹ̀kùn.

Ọmọ mẹ́rin ni a gbé síta. Mẹ́ta lajú nígbà tó ṣe díẹ̀. Ìkẹrin, ọsibítù ni a gbé e lọ, wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú. Lọ́jọ́ kejì ó ń béèrè búrẹ́dì. Ògo ni f'Ọlọ́run.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo gun orí pẹpẹ, mo jẹ́rìí. Mo ní ọ̀tá wá sí àárín wa, Ọlọ́run sì lé e. Ìjọ jó, wọ́n yọ̀. Mi ò dárúkọ jẹnẹrétọ̀. Mi ò sọ̀rọ̀ nípa ọmọbìnrin náà rárá. Ó jókòó ní ìlà kẹta, ó ń pàtẹ́wọ́ bíi ti gbogbo èèyàn.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Àfi ìgbà tí mo lọ kí arákùnrin kan nílé láìpẹ́ yìí, tí mo bá jẹnẹrétọ̀ kékeré, irú èyí tí a máa ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, nínú kíṣìnì rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń wo tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀. Mo ní, “Arákùnrin, kí lèyí?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Dádì, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa. Ṣé ẹ ò rántí ìṣọ́ òru yẹn ni? Ohun tó wá síbẹ̀ gan-an kò rí wa gbé ṣe.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju òru ọjọ́ náà lọ. Ẹ̀rí tí mo jẹ́ lábọ̀ ló fẹ́ pa ìdílé ọlọ́mọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kàwé, tí mo sì ń bi nọ́ọ̀sì wa léèrè ọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan ló ń jà lọ́kàn mi. Àwọn ọmọ yẹn ń mí! Mo rí i, àyà wọn ń lọ sókè, ó ń lọ sódò. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó ń jáde. Kí ló wá dé tí wọn ò jí? Àwa Yorùbá kì í jìnnà sí òtítọ́ nídìí ọ̀rọ̀ yìí: èémí àti ẹ̀mí, etí lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Bíbélì náà sọ fún wa ní Jẹ́nẹ́sísì orí kejì pé èémí láti ẹnu Ọlọ́run ló sọ erùpẹ̀ di alààyè. Ṣùgbọ́n nígbà tí èémí yẹn bá wọ inú wa, iṣẹ́ wo ló ń ṣe níbẹ̀? Ó gba ọmọ aráyé tó igba ọdún kí wọ́n tó rí ìdáhùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà bí mo ṣe rí i kà.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Joseph Priestley ni orúkọ rẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà. (Ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa Mẹ́talọ́kan kò bá ti wa mu o, mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa wá bá mi jà.) Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1774, ó fi dígí ńlá kan kó ìtànṣán oòrùn jọ sórí ìyẹ̀fun pupa kan tí wọ́n fi mẹ́kúrì ṣe. Afẹ́fẹ́ kan jáde láti inú rẹ̀. Ó gbé àbẹ́là sínú afẹ́fẹ́ náà, iná àbẹ́là ràn gan-an ju bó ti yẹ lọ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó fi èkúté kan sínú ìgò tí afẹ́fẹ́ yìí kún inú rẹ̀. Ó mọ̀ pé bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán ni, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni èkúté náà máa lò kó tó dákú. Èyí lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nígbà tí ó sì gbé e jáde, ó tún sọjí. Priestley fúnra rẹ̀ fà á símú, ó ní àyà òun fúyẹ́.

Ọkùnrin kan ní Swídìn, Carl Scheele, ti rí afẹ́fẹ́ kan náà ṣáájú rẹ̀, àmọ́ ìwé tirẹ̀ pẹ́ kó tó jáde. Priestley ló kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ fún aráyé. Kí ni wọ́n fi san án fún un? Ní oṣù keje ọdún 1791, àwọn jàǹdùkú ní ìlú Birmingham dáná sun ilé rẹ̀, àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ àti ilé ìjọsìn tó ti ń wàásù, nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ àti èrò rẹ̀ nípa ìṣèlú. Ó sá lọ sí Amẹ́ríkà ní 1794, ibẹ̀ náà ló kú sí.

Kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, Priestley ti lọ sí Paris ní 1774, ó sì sọ ohun tó rí fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Antoine Lavoisier. Lavoisier yìí ló fún afẹ́fẹ́ náà ní orúkọ tí a ń pè é dòní, ọ́síjìn. Ó bi ara rẹ̀ pé: àbẹ́là nílò afẹ́fẹ́ yìí, èkúté náà nílò rẹ̀. Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe?

Ẹ wo bó ṣe dán an wò. Òun àti Laplace, ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbé ẹranko kékeré kan tó dà bí òkété, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní guinea pig, sínú àpótí tí yìnyín yí ká. Ooru ara ẹranko náà ń yọ́ yìnyín. Wọ́n wọn omi tó yọ́, wọ́n sì wọn afẹ́fẹ́ tí ẹranko náà mí síta. Lẹ́yìn náà, wọ́n sun èédú, wọ́n wọn ooru àti afẹ́fẹ́ tirẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n fi wéra, ìṣirò méjèèjì sún mọ́ ara wọn. Ọdún 1783 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde: mímí jẹ́ iná jíjó. Iná tó ń jó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí kò ní ọwọ́ iná, ṣùgbọ́n iná ni. Oúnjẹ ni igi ìdáná rẹ̀. Ọ́síjìn ló ń jẹ́ kó ràn. Afẹ́fẹ́ kan náà tó ń jáde láti inú èédú tó ń jó ló ń jáde ní imú wa.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó wọn èémí èèyàn pàápàá, ó rí i pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń lo ọ́síjìn ju ẹni tó jókòó lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé bùlọ́ọ̀kù àti ẹ̀yin tí ẹ ń gún iyán, ẹ ti mọ ìyẹn tipẹ́. Àmọ́ Lavoisier ń bá ìjọba ọba gba owó orí, nígbà tí ìjọba sì yí padà ní Faransé, wọ́n bẹ́ orí rẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ọdún 1794. Ọdún kan náà tí Priestley sá lọ sí Amẹ́ríkà nìyẹn o.

Ohun kan wà tí Lavoisier kò tíì rí dáadáa. Ó rò pé inú ẹ̀dọ̀fóró ni iná náà ti ń jó. Àlùfáà Kátólíìkì kan ní Ítálì, Lazzaro Spallanzani, gé ẹran ara àwọn ẹranko, ó gbé e sínú ìgò, kò sí ẹ̀dọ̀fóró níbẹ̀, síbẹ̀ ẹran náà ń gba ọ́síjìn. Ó ti kú kí wọ́n tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1800 sí òkè. Àwọn tó tẹ̀lé e wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀dọ̀fóró wulẹ̀ jẹ́ ẹnu ọ̀nà ni. Ẹ̀jẹ̀ ló ń ru ọ́síjìn lọ, bí ọlọ́kadà ṣe ń gbé èrò. Ibi tí iná ti ń jó gan-an ni inú sẹ́ẹ̀lì, àwọn yàrá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí Ọlọ́run fi kọ́ gbogbo ara wa. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń dáná tirẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ọkàn ń dáná tirẹ̀. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ náà ń dáná.

Ibí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lóye ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ wa. Afẹ́fẹ́ wọ ẹnu ọ̀nà o, àmọ́ kò dé yàrá.

Kí ló dá a dúró lójú ọ̀nà? Claude Bernard, dókítà kan ní Faransé, ló rí ìdáhùn yìí ní nǹkan bí ọdún 1857. Nígbà tí èédú tàbí epo bá jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti tó, májèlé kan máa ń jáde, kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì. Kò ní àwọ̀. Kò ní òórùn. Èéfín jẹnẹrétọ̀ lè máa rùn, àmọ́ èyí tó ń pani nínú rẹ̀ kò rùn rárá. Bernard rí i pé májèlé yìí máa ń gba àyè ọ́síjìn lórí nǹkan pupa inú ẹ̀jẹ̀ wa. Ó máa ń di ibẹ̀ mú ní ìlọ́po tó lé ní igba ju bí ọ́síjìn ṣe ń dì í mú lọ. Ẹ fojú inú wò ó: ọlọ́kadà ń lọ, ó ń bọ̀, àmọ́ ẹnì kan ti jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tí kò fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Èrò tó yẹ kó gbé dúró sí ibùdókọ̀.

Onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Scott Haldane, fà májèlé yìí símú fúnra rẹ̀ láti mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń mú un. Ní 1896, ó fi hàn pé nígbà tí ibi ìwakùsà èédú bá bú gbàù, kì í ṣe iná ló ń pa púpọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́, afẹ́fẹ́ yìí ni. Òun ló gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa gbé ẹyẹ kékeré dání wọ inú kòtò, nítorí ẹyẹ á ti ṣubú kí ó tó kan èèyàn. Ohun tó ń ṣe ẹyẹ yẹn ló ń ṣe ọmọdé. Ọmọdé ń yára mí ju àgbà lọ. Ẹ̀yin ará, nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo gbé ìwé sílẹ̀. Àwọn ọmọ wa ni ẹyẹ wa lóru ọjọ́ yẹn. Wọ́n ti ṣubú, èmi ń pariwo.

Haldane kan náà ló fi hàn pé ọ́síjìn tó pọ̀ lè lé májèlé yìí kúrò lórí àga tó gbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ọ́síjìn sí ọmọ kẹrin yẹn nímú ní ọsibítù.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú yàrá fúnra rẹ̀ wàyí. Báwo ni iná ṣe ń jó nínú wa tí a ò sì jóná? Ṣúgà, bó bá jó lórí ààrò, ooru rẹ̀ lè jó ọwọ́ rẹ. Nínú ara, ìwọ̀n ooru kò ju 37 lọ.

Hans Krebs ló tú ìdí rẹ̀ síta jùlọ. Ọmọ Júù ni ní ilẹ̀ Jámánì. Ní 1933, nígbà tí Hitler gba ìjọba, wọ́n lé e kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Freiburg, kò sí ohun tó ṣe ju pé ó jẹ́ ọmọ Júù. Ó sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìlú Sheffield, ó ń lọ iṣan àyà ẹyẹlé, ó ń wo bó ṣe ń lo ọ́síjìn, títí tó fi rí i pé sẹ́ẹ̀lì kì í sun oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni, ìgbésẹ̀ lẹ́yìn ìgbésẹ̀, nínú ìyípo kan tó máa ń padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fò láti orí dẹ́kì á ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá gba àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀, ilẹ̀ kan náà ló máa dé, kò sì ní ṣèṣe. Ní 1937, ó fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó lókìkí, Nature. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní àyè ò sí, lẹ́tà ti pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn. Ó gbé e lọ síbòmíràn. Ní 1953, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ náà. Òkúta tí àwọn kan kọ̀ o, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí.

Kí wá ni ara ń fi iná yìí ṣe? Ó ń ṣẹ́ owó. Oúnjẹ dà bí ìwé ilẹ̀. Ọrọ̀ ni, àmọ́ kò sí ọlọ́kadà tó máa gba ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ṣéńjì ló ń béèrè. Ṣéńjì tí sẹ́ẹ̀lì ń ná ni wọ́n ń pè ní ATP. Karl Lohmann ló rí i ní Jámánì ní 1929. Fritz Lipmann, ẹni tí òun àti Krebs jọ gba ẹ̀bùn Nobel, ló ṣàlàyé ní 1941 pé òun ni owó tí gbogbo ara ń ná. Láti mira, láti ronú, kí ọkàn lù lẹ́ẹ̀kan péré, ATP ni. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 1940 sí 1949, wọ́n ti mọ ilé tí wọ́n ti ń ṣẹ́ owó náà: àwọn nǹkan tíńtín inú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní maitokọ́ńdríà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ara kì í tọ́jú owó yìí pamọ́. Bó ṣe ń rí i ló ń ná an. ATP tí ara ń ṣe tó sì ń ná lójúmọ́ kan, bí a bá kó o jọ, ó lè tó ìwọ̀n ara ẹni náà fúnra rẹ̀. Àmọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú kan, díẹ̀ ni. Bí ọ́síjìn bá wà, ṣúgà kan lè mú nǹkan bí ọgbọ̀n ATP wá. Bí ọ́síjìn kò bá sí, méjì péré. Ọpọlọ kò wúwo ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ara lọ, àmọ́ òun nìkan ń gba nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ọ́síjìn wa. Nítorí náà òun ló kọ́kọ́ ń jẹ gbèsè. Orí fífọ́, òòyì, oorun tí a kò lè jí nínú rẹ̀. Ohun tó mú àwọn ọmọ yẹn nìyẹn. Wọ́n ti jẹun alẹ́, igi wà lábẹ́ ìkòkò. Ohun tí yóò jẹ́ kó jó ni kò dé.

Nígbẹ̀yìn, ipò wo gan-an ni ọ́síjìn wà nínú iṣẹ́ náà? Ẹ ti rí àwọn lébìrà níbi tí wọ́n ti ń da dẹ́kì. Wọ́n á tò láti ilẹ̀ dé òkè, wọ́n á máa gba páànù kọ́ńkéré lọ́wọ́ ara wọn. Nínú sẹ́ẹ̀lì, irú ìlà bẹ́ẹ̀ wà. David Keilin rí àwọn tó tò sórí rẹ̀ ní Cambridge, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1925. Òun fúnra rẹ̀ ní ikọ́ fée, mímí kò rọrùn fún un, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ èémí ló fi ayé rẹ̀ wá. Ọ̀gá tó kọ́ Krebs níṣẹ́ ní Berlin, Otto Warburg, ló rí ẹni tó wà ní òkè pátápátá lórí ìlà náà, ẹni tó ń gbé ẹrù lé ọ́síjìn lọ́wọ́, tí ọ́síjìn fi ń di omi. Ó rí i nípa lílo kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì kan náà yìí: ó fi dí ìwúkàrà lọ́nà èémí, ó tan iná mọ̀nàmọ́ná sí i, èémí náà sì padà. Bí ẹni òkè bá dúró, gbogbo ìlà dúró. Ẹni ìsàlẹ̀ lè lágbára bíi Sámúsìnì, páànù ọwọ́ rẹ̀ kò ní rí ibi lọ.

Peter Mitchell, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló parí rẹ̀ ní 1961. Ó ní bí ẹrù ṣe ń kọjá lórí ìlà yẹn, ó ń ti àwọn ẹ̀rúnrún hydrogen sí ẹ̀yìn ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, bí omi ṣe ń pọ̀ lẹ́yìn ìsédò Kainji. Nígbà tí wọ́n bá wá ya gba ẹnu ihò kékeré kan padà, wọ́n á yí ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà ló ń ṣe ATP. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò gbà á gbọ́. Ọgbẹ́ inú sì ń bá a jà, ó fi yunifásítì sílẹ̀, ó tún ilé àtijọ́ kan ṣe ní Cornwall, ibẹ̀ ló ti ń bá iṣẹ́ lọ. Ní 1978, ẹ̀bùn Nobel bá a níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Ẹ rántí gbágùúdá. Májèlé kan wà nínú pákí, sáyánáìdì, ẹni òkè orí ìlà yẹn gan-an ló ń dì mú. Àwọn ìyá wa kò gbọ́ orúkọ Warburg rí, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ rin ín, ká fi sínú àpò kó kan, ká fún omi rẹ̀ dànù, ká tó yan án. Ní 1960 sí òkè, ọmọ wa kan láti Òkèmẹ̀sí Èkìtì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun ti Ìbàdàn, rí àwọn èèyàn ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn kú tipiri, tí wọn kò lè rìn gún, tí ojú àti etí wọn ń bàjẹ́. Nígbà yẹn, ẹlòmíràn ì bá ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó béèrè oúnjẹ wọn, ó sì so àìsàn náà mọ́ sáyánáìdì inú gbágùúdá tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ó béèrè ìbéèrè kó tó dárúkọ ọ̀tá. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, “Pásítọ̀, ṣé ẹ ò gbàgbọ́ nínú àdúrà mọ́ ni?” Mo gbàgbọ́. Àdúrà wa gbà lóru ọjọ́ yẹn. Ìdáhùn rẹ̀ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní “Dádì, ẹ jọ̀ọ́.” Èmi ni mi ò dá a mọ̀. Ọlọ́run tó fi èémí sínú wa ló jẹ́ kí Priestley àti Haldane mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, àwọn kan fi ilé àti ara wọn san owó ìmọ̀ yẹn. Kí a wá tì í sẹ́yìn ilẹ̀kùn nítorí òjò? Rárá o.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun tí mo wí, ẹ̀yin ọmọ ìjọ mi:

Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀, kíṣìnì tàbí gáréèjì. Ìta ló ń gbé, kó jìnnà sí fèrèsé yín àti ti aládùúgbò yín. Ẹ má gbé ààrò èédú wọ yàrá ibùsùn nítorí òtútù. Ẹ má sùn nínú mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ níbi tó pa mọ́. Fèrèsé tí ẹ ṣí díẹ̀ kò tó láti gbà yín o.

Bí orí bá ń fọ́ èèyàn méjì, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà nínú yàrá kan, ẹ má jókòó béèrè ta ló ń bá yín jà. Ẹ jáde. Ẹ gbé ọmọdé àti arúgbó jáde. Ẹ pa ẹ̀rọ náà. Ẹ lọ sí ọsibítù, kódà bí ara bá ti ń yá. Ẹ lè máa gbàdúrà lójú ọ̀nà, Ọlọ́run ń gbọ́ níta.

Mo ti lọ bá arákùnrin yẹn, mo sọ òtítọ́ fún un níwájú ìyàwó rẹ̀. A jọ gbé jẹnẹrétọ̀ náà síta ni. Mo ti lọ bá nọ́ọ̀sì wa pẹ̀lú, mo tọrọ àforíjì. Kò fẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀ níbí. Ó ní, “Dádì, kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ra wáyà gígùn, kí jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lè jìnnà sí yàrá àwọn ọmọ.” A ti rà á. Wẹ́dà ti ń ṣe àgò onírin tí a máa fi tì í mọ́ ẹ̀yìn ọgbà, kí olè má bàa rí i gbé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, màá tún ẹ̀rí yẹn jẹ́ lórí pẹpẹ, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹ wá o.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹbí yín lórí WhatsApp, pàápàá àwọn tó ń gbé fesimíbò-mí-fesì-bò-ọ́. Bí ẹ bá ti gbé tiyín síta, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí kí ọkàn mi lè balẹ̀. Olúwa á pa èémí wa mọ́. Àmín.